Iṣu Tuntun Tí Bàbá Mi Kò Jẹ

Kì í ṣe ebi ló lé mi kúrò nílé. Mo ń sọ ọ́ ṣáájú nítorí pé ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé ìhà Tchaourou lódìkejì ibodè ni mo ti wá ló ń wò mí bí ẹni tó wá wá oúnjẹ. Nílé wa ní Sanson, iṣu ló ń wá àyè nínú àká, àwa kọ́ là ń wá iṣu. Gbólóhùn kan ló lé mi kúrò nílé, ẹnu ara mi ló sì ti jáde.

Olùkọ́ máàtíìsì ni mí. Nígbà tí Rẹfolúsíọ̀n àwọn sójà dé sí orílẹ̀-èdè wa, ìgbà tí àwọn ará ilé wa ń pè ní ayé kámáráàdì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dàkáà tí mo ti kàwé dé ni, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yunifásítì ní ìhà Kútọnu. Ìpàdé pọ̀ láyé ìgbà náà ju ẹ̀kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n kó gbogbo wa jọ, wọ́n ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan dìde kó sọ bí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ṣe máa ran Rẹfolúsíọ̀n lọ́wọ́. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ tirẹ̀, onímọ̀ nípa ewéko sọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní èjì pẹ̀lú èjì ti jẹ́ ẹ̀rin kí Rẹfolúsíọ̀n tó dé, ẹ̀rin náà ló sì máa jẹ́ nígbà tó bá lọ.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ̀wé lọ ní tirẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba fi wá bá mi, ó ní orúkọ mi ti wọ ìwé kan tí kò dáa, kí n wá ibì kan lọ fún oṣù mẹ́ta títí ara wọn á fi rọ̀. Oṣù mẹ́ta ọ̀hún di ọdún mẹ́rìnlá.

Mo yà sí Sanson láti dágbére. Inú oko ni mo ti bá Bàbá, ó ń kọ ebè. Kò bi mí pé kí ni mo sọ nípàdé. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó bi mí bóyá mo jalè. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mo gba ìyàwó oníyàwó. Mo ní rárá, Bàbá.

"Bọ̀n. Ẹnu ọ̀nà iwájú lo máa gbà jáde, lójú gbogbo ayé. Ibẹ̀ náà lo máa gbà wọlé."

Ó tún tẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀. Mo padà sílé. Mo jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, aṣọ mi nínú báàgì kan, ìwé mi nínú èkejì, àwọn aládùúgbò sì ń kí mi pé ó dàbọ̀.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi ni mò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé Ọ̀yọ́ làwọn baba ńlá wa ti wá kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ṣábẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ìlú ńlá kan ni mo dé, ó ní yunifásítì, wọ́n sì ń wá olùkọ́ máàtíìsì lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra ọṣẹ lọ́jà. Mo sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú "bọ̀n" àti "alọ̀ọ̀" ti Faransé tí àwa kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lẹ́nu wa. Ìyá ọlọ́ṣẹ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé Àgànyìn ni mí. Inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ṣábẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun ti gbọ́, ṣé ọṣẹ kan ni àbí méjì.

Kíláàsì ló tún burú jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, Faransé ni mo fi kàwé. Mo kó Gẹ̀ẹ́sì sórí láàárín oṣù mẹ́rin bí ẹni ń gbé ọkà gbígbóná mì. Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé nọ́ńbà kò ní èdè ní tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fún wọn níṣẹ́, ìdajì kíláàsì ló kùnà, ìdáhùn òdì kan náà ni gbogbo wọn sì kọ. Mo bínú, mo ní wọ́n jí ara wọn wò. Ọmọbìnrin kan ló dìde, ó tọ́ka sí pátákó, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé eéje wo ni kí àwọn lò, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀. Kò sí eéje kankan lójú pátákó. Ení ni mo kọ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, pẹ̀lú ìlà gígùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀, òun ni wọ́n kà sí eéje. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo sì rí i pé ó dùn mí gan-an. Ení mi pàápàá ti di àjèjì.

Ọ̀mọ̀wé Adéoyè ni ọ́fíìsì rẹ̀ kángun sí tèmi. Ènìyàn dáadáa ni. Bí mo bá ń ráhùn, á ní kí ni mò ń ráhùn sí, ṣebí ilé ni mo wà. Lọ́dọọdún ni mo sì ń lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àjèjì, pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin àti lẹ́tà, kí wọ́n lè gbà mí láyè láti wà nílé tí mo wà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

N kò ní parọ́, ayọ̀ wà níbẹ̀ náà. Lọ́dún kejì, mo ń kọ́ wọn ní ọ̀nà kan tí a fi ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà láìjẹ́ pé a kà wọ́n tán. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì, kò yé wọn. Mo bá ju ẹfun sílẹ̀, mo sọ Yorùbá. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sóko bàbá mi. Bí mo bá fi hàn yín pé ebè àkọ́kọ́ ti dúró, tí mo sì fi hàn yín pé ibikíbi tí ènìyàn bá dé nínú oko yẹn, ẹni tó bá ti kọ ebè kan lè kọ èyí tó tẹ̀ lé e, ṣé ẹ ṣì fẹ́ kí n mú yín rin oko náà já? Lẹ́yìn náà ẹnì kan mí kanlẹ̀ ní ẹ̀yìn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, "ẹ̀rí oníebè" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, wọ́n á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìdánwò, èmi náà á sì fún wọn ní máàkì rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń pa mí lára. Bí a bá ti parí mísà, oníkálukú ní ibi tó ń lọ. Èmi á jókòó ti rédíò, màá máa yí i títí màá fi rí Kútọnu, ohùn rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà mí kí wọ́n má lọ dárúkọ mi. Nígbà tó pẹ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù yí padà: mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọn ò tilẹ̀ rántí mi mọ́. Nílé wa, kí n tó la ẹnu, wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n mọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́ kó tó kú, wọ́n mọ ìgbà tí mo ṣubú lórí igi káṣù tí apá mi fi tẹ̀ díẹ̀ báyìí. Níbí, kò sí ẹni tó mọ ìdí tí apá mi fi tẹ̀. Wọn ò bi mí rí.

Tẹlifóònù ló so mí mọ́ ilé. Láti ìlú tí mo wà dé Sanson kò ju ìrìn ọjọ́ kan nínú mọ́tò lọ. Abúlé Kika ni ìkángun ilẹ̀ wa, Nàìjíríà ló sì wà lódìkejì oko àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kì í gba Kika. Mo ní láti lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pe òkè òkun, kí obìnrin tó wà níbẹ̀ pe Lọ́ńdọ̀nù, kí Lọ́ńdọ̀nù pe Párìsì, kí Párìsì pe Kútọnu, kí Kútọnu tó wá pe ilé pósì ní Tchaourou. Ohùn mi ń rí Párìsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, èmi ò débẹ̀ rí.

Àlájà Sálámátù ló ń bá wa dá ọjọ́. Ará Tchaourou ni, ó ń wá ra abọ́ àti aṣọ ní ìlú tí mo wà, ó sì ń bá wa mú ìròyìn lọ, mú ìròyìn bọ̀. Á sọ fún Sàbínà, àbúrò mi obìnrin, pé ọjọ́ báyìí, agogo báyìí. Sàbínà á mú Bàbá wá láti Sanson, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé pósì títí Párìsì á fi rántí wọn. Gbogbo ìgbà ni Bàbá ń wá. Kì í gba tẹlifóònù náà. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ò lè máa bá irin sọ̀rọ̀. Màá bi Sàbínà pé kí ni Bàbá ń ṣe, á ní ó jókòó. Màá ní ṣé ó ń gbọ́ wa, á ní rárá, ó ń wo ojú òun.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, Adéoyè gbé iṣu tuntun méjì wá fún mi láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo sè é, mo fi epo jẹ ẹ́, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí nílé wa. Olórí ilé ló ń kọ́kọ́ fi ẹnu kan iṣu tuntun. A ti di onígbàgbọ́ láti ayé bàbá bàbá mi, a máa ń gbé iṣu lọ sí mísà kí fáàdà wọ́n omi sí i, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa tọ́ ọ wò kí Bàbá tó bù ú jẹ. Ẹni tó bá ṣáájú rẹ̀ jẹ ẹ́ ti sọ pé ilé kò ní baba mọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní Kútọnu pàápàá, mo máa ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pé ó ti jẹ ẹ́.

Mo pe ilé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì ń sọ fún Sàbínà pé iṣu ibí ò tó tiwa rárá. Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹ ẹ́?"

Mo ní mo ti jẹ ẹ́. Mo ní kí ló dé, ṣé Bàbá ò tíì jẹ tirẹ̀ ni?

"Kò jẹ ẹ́. Ó ní òun ò ní jẹ ẹ́."

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n gbé iṣu síwájú Bàbá, tí gbogbo ilé péjọ, ó mú ọ̀bẹ, ó wo ibi tí mo máa ń jókòó sí, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó búra pé ẹnu òun kò ní kan iṣu tuntun títí ọmọ òun fi máa gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Bí Bàbá kò bá sì jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì, àwọn ìyàwó wọn, Sàbínà, àti àwọn ọmọ tí mo mọ iye wọn ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, gbogbo wọn ń jẹ gbàgúdá àti ọkà àgbàdo, iṣu tuntun sì kún àká dé òkè.

Mo ní kó má ṣe sọ fún Bàbá pé mo ti jẹ. Ó ní ó ti pẹ́ jù, Bàbá ti rí ojú òun.

Inú ló kọ́kọ́ bí mi, kí n má tàn yín. Mo kọ lẹ́tà gígùn, mo fi rán Àlájà, mo ní kí àbúrò mi kà á sí Bàbá létí. Mo ní iṣu kò mọ̀ bóyá mo wà nílé tàbí n kò sí. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọdé wo ló wà níbẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ padà pé ebi ò pa ẹnikẹ́ni: bí ọyẹ́ bá ti dé, iṣu kì í ṣe tuntun mọ́, gbogbo ilé á jẹ ẹ́ nígbà náà. Àwa onímáàtíìsì kì í lo ọ̀rọ̀ kan láìkọ́kọ́ sọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ yẹn kó tó búra, n kò rí ibi tí mo lè gbà yọ ọ́.

Láti ọdún yẹn lọ, èmi náà ò jẹ ẹ́ mọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni búra, mo kàn ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Láti Ògọ́ọ̀sì títí di ọyẹ́, bí ìyàwó Adéoyè bá gbé iyán wá, màá ní inú ń run mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn inú fún mi.

Bí Àlájà bá dé, mo máa ń bi í nípa ilé bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ìyàwó àbúrò mi kékeré máa ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Tchaourou ní gbogbo Ògọ́ọ̀sì, ó sì máa ń sanra dé. Ó ní àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ nílé aládùúgbò, wọ́n á nu ẹnu wọn mọ́ ara ògiri kí wọ́n tó wọlé, Bàbá á sì máa wo òkè bí ẹni tó ń wo òjò. Àwọn ará Sanson ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n bá òun gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan péré, kí n wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, kí Bàbá jẹun, kí n sì padà. Ọ̀rẹ́ mi ní Kútọnu ti ránṣẹ́ pé orúkọ mi ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n mo ní màá lọ. Àlájà lọ sọ fún Bàbá. Ó mú èsì bọ̀ pé Bàbá ní ọmọ òun kò jalè, kò ní gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo ní ó dáa, kó wá pàdé mi ní Kika, nínú oko àwọn ìbátan wa. Ó ní Kika kì í ṣe ilé òun. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé kì í ṣe ojú mi nìkan ni Bàbá ń wá. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ojú kan náà tí wọ́n fi rí mi jáde rí mi nígbà tí mo bá ń wọlé, kí gbogbo Sanson lè mọ̀ pé n kò ṣe ohun ìtìjú.

Ní ọdún karùn-ún, mo ní kí Sàbínà fi tẹlifóònù náà sí Bàbá létí tipátipá. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́, bí kò bá jẹ́ nítorí tèmi, nítorí àwọn ọmọ. Ó sọ̀rọ̀, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

"Wọ́n ní ìwọ náà ò jẹ ẹ́ mọ́. Èmi ni mo búra, kì í ṣe ìwọ. Máa jẹun, ọmọ mi."

Ó dá tẹlifóònù padà fún Sàbínà. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Mo jáde síta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà, mo sunkún lójú àwọn tó ń kọjá.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, mo parí iṣẹ́ kan tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo wà ní Dàkáà. Ojú ewé mẹ́rin ni, ó dá lórí ìbéèrè kan tó ti ń yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lókè òkun, wọ́n sì gbé ipò mi ga. Adéoyè ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ọ́fíìsì. N kò rò pé ènìyàn púpọ̀ láyé lè ka ojú ewé mẹ́rin yẹn kó yé wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ọ̀nà Sanson. Mo sáré lọ pe Sàbínà. Ó gbọ́ mi títí, ó bi mí bóyá ohun tó dáa ni. Mo ní ó dáa gan-an. Ó bi mí bóyá wọ́n á tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí n wá sílé. Mo ní rárá. Ó ní, a dúpẹ́ náà, Ẹ̀gbọ́n.

Ní ọdún kẹsàn-án, Nàìjíríà ti ibodè pa. Àlájà ò wá fún oṣù mélòó kan, n kò gbúròó ilé. Lọ́jọ́ kan nínú Ògọ́ọ̀sì, mo ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo bá Àlájà tó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, erùpẹ̀ ọ̀nà ẹ̀bùrú ní gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bu omi fún un, kò mu ún. Mo ti mọ̀ kó tó la ẹnu.

Ó ní àárín òjò ni. Bàbá ti oko dé, ó ní ó rẹ òun, kò jí lọ́jọ́ kejì. Fáàdà sin ín dáadáa, gbogbo Sanson ló wá. Àwọn àbúrò mi ló da yẹ̀pẹ̀ tó yẹ kí èmi àkọ́bí kọ́kọ́ dà. Mo bi í bóyá Bàbá sọ ohunkóhun. Ó ní kò sọ nǹkan kan, ó kàn sùn ni. Mo ń wo ìwé tó wà lórí tábìlì mi, n kò rí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Àlájà ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Wọ́n ti wa iṣu tuntun. Ìbúra Bàbá ti bá Bàbá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ò tíì jẹ ẹ́. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n máa jẹ ẹ́, mo fún wọn láṣẹ.

"Púrọ́ọ̀fù, àṣẹ kọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Ẹnu ni wọ́n ń bèèrè. Ìwọ ni baba wọn báyìí."

Mo ní kí àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi jẹ ẹ́ dípò mi. Ó ní wọ́n ti gbé e síwájú rẹ̀, ó sì sunkún, ó ní òun ò lè fi ẹnu òun sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Sàbínà ló wá rí ọ̀nà kan. Ó ní kí n wá sí ìdí tẹlifóònù ní Sátidé, agogo mẹ́wàá, kí n mú iṣu dání.

Mo ra iṣu tuntun kan ní àárọ̀ Sátidé. Mo sè é lómi lásán, láìsí iyọ̀, bí a ṣe ń se ti àkọ́kọ́ nílé wa. Mo wé e sínú ewé, mo fi í sínú àpò ìwé mi. Obìnrin tó ń pe òkè òkun gbóòórùn rẹ̀, ó ní kì í ṣe ibi ìjẹun nìyí o. Mo ní mo mọ̀. Ó wo ojú mi, ó bá tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń pe Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí Sàbínà gbé e, ariwo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní gbogbo ilé ló wà níbẹ̀, wọ́n kún ilé pósì, wọ́n gbé abọ́ iṣu dání, wọ́n sì ti bẹ ọ̀gá pósì kó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo kí i kú ọ̀fọ̀, òun náà kí mi. Ó ní, ó yá, Ẹ̀gbọ́n, kí n jẹ ẹ́ kó dún, kí wọ́n lè gbọ́ ọ, òun máa gbé tẹlifóònù yí wọn ká.

Mo tú ewé náà. Láti ọdún kejì tí mo kúrò nílé, n kò fi iṣu tuntun kan ẹnu. Mo bù ú, mo fi ẹnu sún mọ́ tẹlifóònù, mo jẹ ẹ́ bí ọmọdé tí kò ní ẹ̀kọ́ ṣe ń jẹun, ẹnu yíyà, kí ó lè dún dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dùn, Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó dùn, omi sì ń jáde lójú mi lé e lórí. Mo gbọ́ èémí oríṣiríṣi nínú okùn, ti àgbà, ti ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti lọ, bèèrè bóyá èmi nìyẹn. Wọ́n ní kó dákẹ́. Mo gbé e mì.

"Ó ti gbé e mì," Sàbínà sọ fún wọn. "Ẹ jẹun."

Mo gbọ́ ìró ìdérí abọ́. Lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé ẹnu gbogbo wọn kún. Sàbínà ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀ lórí tábìlì láìpa á, òun náà ń jẹ. Mo dì í mọ́ etí mi. Mo gbọ́ àwọn àbúrò mi, mo gbọ́ àwọn ìyàwó wọn tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n rọra, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń wúkọ́ nítorí pé ó ń kánjú. Mo tún bu tèmi, mo ń bá wọn jẹ ẹ́. Obìnrin kan wọlé sórí okùn láti Lọ́ńdọ̀nù, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo ti parí. Mo ní rárá. Mo ní a ṣì ń jẹun lọ́wọ́.